Oṣù lé, wọ́n ní kò gún: Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí oṣù Ààwẹ̀ lọ́dọọdún

Bí ààwẹ̀ Rámádánì bá ti di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà nílẹ̀ Yorùbá: ṣé wọ́n ti rí oṣù? Télọ̀ tí aṣọ ọdún kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ mọ̀. Ìyá tó fẹ́ se oúnjẹ ọdún fún ará ilé àti aládùúgbò fẹ́ mọ̀. Awakọ̀ tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Ìlọrin fẹ́ mọ̀. Kírísítẹ́nì tí kò gbààwẹ̀ rárá náà fẹ́ mọ̀, torí kó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni lọ́la tàbí ìsinmi. Gbogbo wọn yóò máa retí ìkéde láti Sókótó. Ìkéde náà yóò dé, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé ti sùn, àmọ́ kò ní í pẹ́ tí ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí kejì yóò fi sọ pé òun kò gbà á. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí ló rí: oṣù lé, wọ́n ní kò gún; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó lọ tún un ṣe.

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti ọdún 2025 wà lára èyí tí awuyewuye rẹ̀ pọ̀ jù. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ni ààwẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní Nàìjíríà àti ní Saudi Arabia. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aláṣẹ Saudi kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Sultan Sókótó, Alhaji Muhammad Sa'ad Abubakar, ẹni tó tún jẹ́ ààrẹ àgbà fún ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, NSCIA, náà kéde pé wọ́n ti rí i, àti pé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30, ni ọdún. Ṣùgbọ́n Íjíbítì, Oman àti Indonéṣíà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú wa, ní àwọn kò rí ohunkóhun. Wọ́n ka ọgbọ̀n ọjọ́ pé, wọ́n sì ṣe ọdún tiwọn ní ọjọ́ Ajé.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Òṣùpá bo apá kan oòrùn mọ́ àwọn ará ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn kan ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lójú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ àfi nígbà tí òṣùpá bá dúró sí àárín oòrùn àti ayé. Tí a bá fi aago Nàìjíríà kà á, aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú méjì ni òṣùpá kọjá níwájú oòrùn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀ ní Sókótó àti ní Èkó, ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ku díẹ̀, kò tíì pé wákàtí méje tí ó ti kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn béèrè ni pé, ṣé ojú ọmọ ènìyàn lè rí oṣù tí kò tíì pé wákàtí méje?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ló ń jẹ́ oṣù tuntun. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà, tó sì wà lórí fóònù, tí wọ́n máa ń yà bí róbótó dúdú. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ìṣẹ́jú tí òṣùpá bọ́ sí àárín oòrùn àti ayé. Ojú tí oòrùn ń tàn sí kọjú sí oòrùn lọ́hùn-ún, èyí tó ṣókùnkùn ló kọ sí wa. Òun àti oòrùn jọ ń yọ ni, wọ́n sì jọ ń wọ̀. Kò sí ẹni tó lè rí i, àfi ọjọ́ tó bá bo oòrùn, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2006, tí ilẹ̀ ṣú bìrìbìrì lọ́sàn-án gangan ní Gánà, ní Tógò, ní Benin àti ní igun kan lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí àwọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn sì rí i tí oòrùn ku bíńtín. Àwọn tó wo ọ̀run lọ́jọ́ náà wà lára ìwọ̀nba èèyàn tó tíì fi ojú rí oṣù inú kàlẹ́ńdà rí.

Èkejì ni oṣù tó lé, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní hilaal. Èyí ni ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó máa ń hàn ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, tí kò sì ní í pẹ́ tí òun náà yóò fi wọ̀. Òun ni Kùránì ní kí àwọn ènìyàn máa fi ka ìgbà, òun náà sì ni Yorùbá ní lọ́kàn bí wọ́n bá ní oṣù lé. Láàárín èkíní àti èkejì, ó lè gba odindi ọjọ́ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnì kan bá wá gbé fóònù sókè pé oṣù tuntun ti dé láti ọ̀sán, kí ló dé tí àwọn àlùfáà ń sọ pé àwọn kò rí i, èkíní ló ń wò, èkejì ni àwọn àlùfáà ń wá. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tó ń fa ìdádúró yìí kò ṣòro láti yé ni. Òṣùpá máa ń jìnnà sí oòrùn ní ìwọ̀n digirí méjìlá lójúmọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ síwájú, tó di ìkúùkù, tó sì gbé e sójú ọ̀run, ìbú ìkúùkù náà tó digirí mẹ́wàá. Bí òṣùpá bá ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pẹ́ wọ̀ ju ti àná lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń nípọn sí i. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ ojú ọ̀run, André Danjon, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó sì rí i pé bí òṣùpá kò bá tíì jìnnà sí oòrùn tó digirí méje, ìlà náà kì í hàn rárá. Lọ́jọ́ Sátidé tí a ń sọ yìí, nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Nàìjíríà, ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó digirí márùn-ún. Ìdajì ìkúùkù nìyẹn, ní ojú ọ̀run tí ìtànṣán oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ rokoṣo.

Nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí, ẹni tó fi ojú lásán rí oṣù tó kéré jù lọ ni Stephen James O'Meara, ọmọ Amẹ́ríkà, ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1990. Oṣù náà ti pé wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 32. Ọmọ ilẹ̀ Iran kan, Mohsen Mirsaeed, lo awò awọ̀nàjíjìn ní ọdún 2002, ó sì rí èyí tó jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tó kàn gbójú sókè bí ó ṣe ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n mọ ibi tí oṣù yóò wà gan-an, wọ́n sì lọ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ kedere. Lóòótọ́, Thierry Legault ya fọ́tò òṣùpá ní Faransé ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 2013, ní ìṣẹ́jú gan-an tó wà láàárín oòrùn àti ayé, òṣùpá tó ṣíwájú ààwẹ̀ ọdún náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni, ẹ̀rọ tó ń rí ìtànṣán tí ojú kò lè rí ló sì yà á. Kò sí ojú tó lè ṣe é.

Bí a bá gbé wákàtí mẹ́rìndínlógún ku díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì gbé èyí tí kò tó wákàtí méje sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run fi sọ ṣáájú ọjọ́ náà pé kò sí ẹni tí yóò rí oṣù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ní gbogbo Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ọdún 2023 kò jìnnà sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún náà, tí wọ́n kéde pé wọ́n rí oṣù tí ọdún sì bọ́ sí ọjọ́ kejì rẹ̀, wákàtí mẹ́tàlá lé díẹ̀ ni oṣù náà nílẹ̀ yìí.

Ti ọdún 2021 tilẹ̀ ju èyí lọ. Orílẹ̀-èdè Niger kéde ní alẹ́ ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, pé wọ́n ti rí oṣù, wọ́n sì ṣọdún lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní Sókótó bá wọn ṣe é. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà ni òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín oòrùn àti ayé, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀ káàkiri Niger kí aago méje àbọ̀ tó lù. Èyí já sí pé ní àsìkò tí wọ́n ní àwọn rí oṣù, òṣùpá kò tíì kọjá oòrùn. Oṣù àtijọ́ kò tíì parí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé tuntun lé. Ní Nàìjíríà, Sultan ní kí àwọn Mùsùlùmí ka ọgbọ̀n pé, ọdún sì jẹ́ ọjọ́ 13. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Dallas náà rí i lójú korokoro. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni níbí. Oòrùn ti wọ̀ ní Nàìjíríà kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó wáyé, Sókótó àti Saudi sì jọ ní àwọn kò rí oṣù. Ọdún yẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà náà, kí ni àwọn tó wá jẹ́rìí rí? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹni tó bá ti ń retí ohun kan pẹ̀lú ìtara, tó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó sì ń tẹ ojú mọ́ ọ̀run tó pọ́n, kò ní í ṣòro kí ojú rẹ̀ yá ohun tí kò sí fún un. Fífẹ́lẹ́ ìkùukùu tí oòrùn tàn sí lábẹ́ máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù. Èéfín tí ọkọ̀ òfuurufú fi sílẹ̀ náà máa ń tàn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ìràwọ̀ Àgùàlà ńkọ́, tí àwọn baba wa ń pè ní ajá òṣùpá? Ó máa ń mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, òun sì ni ohun tó kọ́kọ́ máa ń yọ sí ẹni tó bá ń wá oṣù níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára tó, ìmọ́lẹ̀ Àgùàlà lè fẹ̀ mọ́ ọn lójú títí tí yóò fi dà bí ohun tó ní ìwo méjì.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí a lè fi yẹ ẹlẹ́rìí wò, inú òwe ọjọ́un ló sì wà. Wọ́n ní oṣù kò gún. Nílẹ̀ Yorùbá, tí kò jìnnà sí agbede-méjì ayé, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kì í dúró ṣánṣán bí èyí tí wọ́n máa ń yà sára mọ́ṣáláṣí. Ó máa ń dùbúlẹ̀ ni, bí igbá tí wọ́n gbé kalẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi, tí ikùn rẹ̀ kọ sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Ní nǹkan bí oṣù Kẹta, ó máa ń fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, á ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní London, tó jìnnà sí àríwá, ó lè dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Nítorí náà, bí ẹlẹ́rìí kan nílé bá ní òun rí oṣù tó dúró ṣánṣán bí lẹ́tà D, tàbí tó kọ ìwo sí ilẹ̀, ó dájú pé ohun mìíràn ló rí. Ìbéèrè tí bàbá àgbà kan lábúlé lè bi ọmọ rẹ̀ ni, kò gba ìwé kíkà.

Nínú ètò tó wà nílẹ̀, ẹni tó bá rí oṣù yóò lọ sọ fún baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò rẹ̀, àwọn yóò fi tó àwọn tó wà lókè létí, títí tí yóò fi dé Sókótó. Ètò náà dára, ó sì ti ń kó orílẹ̀-èdè tó tóbi báyìí pọ̀ sójú kan. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wádìí ju ọ̀run lọ: ṣé olóòótọ́ ni, ṣé Mùsùlùmí gidi ni, àwọn mélòó ló rí i. Ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ náà lè ṣìnà. Ìṣirò kò lè sọ fún wa pé a ó rí oṣù, nítorí kò mọ̀ bóyá ìkùukùu yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè sọ, láìsí àṣìṣe, ìgbà tí kò ṣeé rí. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ìgbìmọ̀ fi èyí ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́, kí wọ́n má tilẹ̀ gba ẹ̀rí kankan ní alẹ́ tí òṣùpá kò bá tíì jìnnà tó. Èyí kò tako òfin ẹ̀sìn, tó ní kí Mùsùlùmí gbààwẹ̀ nígbà tó bá rí oṣù, kó túnu nígbà tó bá rí i, bí ìkùukùu bá sì bò ó, kó ka ọgbọ̀n.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Àwọn àlùfáà kan gbà pé bí wọ́n bá ti rí oṣù níbì kan láyé, ó ti tó fún gbogbo Mùsùlùmí, ìdí nìyí tí àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá fi ń tẹ̀lé Saudi. Àwọn mìíràn ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni kó wo ọ̀run tirẹ̀. Tọ́kì ti fi ìṣirò sípò ojú, wọ́n mọ ọjọ́ ọdún wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Àwọn Kírísítẹ́nì pàápàá, òṣùpá ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú lẹ́yìn ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, àmọ́ ìṣirò ni wọ́n ń lò láti ayébáyé, kò sì sí àlùfáà ìjọ kankan tó ń gun òkè lọ wo ọ̀run. Èyí tó bá wu kálukú ló lè yàn. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kéèyàn ní ojú lòun fi ń wò ó, kó wá gba ohun tí ojú kò lè rí wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré lójú onígbàgbọ́: ẹni tó bá túnu ṣáájú ọjọ́ ti jẹ ààwẹ̀ kan ní gbèsè, ẹni tó bá sì gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ti ṣe ohun tí ẹ̀sìn kọ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ wo ọ̀run fúnra wọn kò nílò awò kankan. Ní ìparí oṣù, kí wọ́n jí ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́, lásìkò sààrì gan-an, kí wọ́n wo ìlà-oòrùn. Ìyókù oṣù tó ń lọ yóò wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó ń súnmọ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá rí i láàárọ̀ òní, kí wọ́n má wulẹ̀ wá oṣù tuntun nírọ̀lẹ́ òní, nítorí òṣùpá kò tíì kọjá oòrùn, tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Bí wọn kò bá rí i mọ́, kí wọ́n lọ síbi tí ìwọ̀-oòrùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n ṣàmì sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí, kí wọ́n dúró tó ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n wá máa wo òkè ibẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òṣùpá àrànmọ́jú ṣe ẹ̀rí pé àwọn kò ṣìnà, pé ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí alẹ́ kẹrìnlá. Ẹ̀rí yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, nítorí òṣùpá kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́.

Iṣẹ́ ojú yìí sì máa tó le sí i. Ààwẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá súnmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́dọọdún. Oṣù Kejì ni ti ọdún 2026 bọ́ sí, ti ọdún 2028 yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní. Ìgbà ọyẹ́ ni gbogbo ìyẹn, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá fẹ́ bo gbogbo àríwá, tó sì fẹ́ wá dé ilẹ̀ Yorùbá, tí oòrùn fúnra rẹ̀ á ti di róbótó funfun ràkọ̀ràkọ̀ kó tó wọ̀, tí èèyàn á sì lè wò ó láìṣẹ́jú. Oṣù tó lé lálẹ́ àkọ́kọ́ kò lágbára tó láti la irú eruku bẹ́ẹ̀ já. Ní ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí yóò bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láàárín ọdún kan, èkíní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, èkejì lẹ́yìn Kérésìmesì ní ìparí oṣù Kejìlá, nínú ọyẹ́ kíkankíkan. Àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì tún wá.